Ìwé Ẹlẹ́rù Tí Mo Kà fún Yèyé ní Ìgbẹ́mọ

Ìwé ìfẹ́ ni mo fẹ́ rà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ọdọọdún lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, mo sì ti pinnu pé orí àga lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa ní Adó ni màá ti lò ó, èmi àti ìwé kan tí ọkùnrin gidi á ti máa bẹ obìnrin. Ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Fájuyì ló tà á fún mi. Ó wo ojú mi, ó wo ọjọ́ orí mi, ó wá fa ìwé nípọn kan yọ láàárín ìwé ìṣirò àti ìwé àdúrà.

"Ẹ mú èyí, Mọ́mì. Lọ́ọ̀fù ni. Lọ́ọ̀fù gidi."

Mo wo èèpo ìwé náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ funfun gbọọrọ, tó ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán nínú òkùnkùn. Ilé ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo ló tan iná. Ẹni tó bá ní làákàyè ìbá ti bi ara rẹ̀ pé kí ló ń lé e. Èmi rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń sáré lọ pàdé. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé ọkọ kò tíì kọ́ mi pé obìnrin kì í sáré báyẹn lọ pàdé ọkọ.

N kò tíì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ nígbà tí ìròyìn dé láti Ìgbẹ́mọ pé ìyá ọkọ mi ti ṣubú. Wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn ní Adó, wọ́n to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í dé orúnkún, wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé. Ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣe ìpàdé lórí fóònù. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n tí ilé ẹ̀kọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀, wà níbẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin tó wà lókè òkun náà wà níbẹ̀, ó ń sunkún, torí ẹkún ò ní ìrìn àjò nínú. Gbogbo wọn fẹnu kò pé Ọlọ́run ṣàánú ìdílé náà: nọ́ọ̀sì wà nílé, nọ́ọ̀sì sì wà ní ìsinmi. Kò sẹ́ni tó bi nọ́ọ̀sì.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni," ọkọ mi wí. "Atẹ́gùn Ìgbẹ́mọ á sì ṣe ẹ́ láǹfààní."

"Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ atẹ́gùn ni?"

Ó ní iṣẹ́ ìjọba ò gba òun láyè. Mo gbà fún un. Gbogbo ayé ló mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń mú èèyàn làágùn tó.

Bí mo ṣe kó aṣọ mi àti ìwé lọ́ọ̀fù mi lọ sí Ìgbẹ́mọ nìyẹn.

Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá ọkọ mi. Àgbẹ̀ onírẹsì ni. Ó gbìn ín, ó bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ó tà á, títí ọjọ́ ogbó fi dé, òun nìkan ni kò sì gbà pé ó ti dé. Ẹ lè máa wò mí pé mò ń pe ìyá ọkọ mi ní "ó". Òun ló fà á. Ilé ìwé ló kọ́ mi ní "ẹ" àti "wọ́n". Èdè Èkìtì tí Yèyé mọ̀ ò ní irú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di ìyàwó ilé náà, tó gbọ́ tí mò ń sọ fún ẹnì kan pé "wọ́n ń sùn," ó jáde síta, ó bi mí pé, "Àwọn ta ni? Ṣé o rí ẹlòmíì pẹ̀lú mi ni?" Lójúkojú, ẹnu mi ò gbà láti pe àgbàlagbà ní "ìwọ", "ẹ" ni mò ń lò. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mo ṣe ìfẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, tí oúnjẹ bá ti wọlẹ̀, Yèyé á jókòó sórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ á wà lórí àpótí, àtẹ ìrẹsì á wà lórí itan rẹ̀, á máa ṣa òkúta. Ẹsẹ̀ ló kán, ó ní, kì í ṣe ọwọ́. Èmi á jókòó sí òdìkejì, màá ṣí ìwé mi. Ojú ewé àkọ́kọ́, òjò ń rọ̀. Ojú ewé kejì, òjò náà ò tíì dá. Nígbà tó dá, ìkùukùu bọ́ sílẹ̀, òǹkọ̀wé náà sì ṣàlàyé ìkùukùu yẹn fún mi títí mo fi fẹ́ lọ mú aṣọ òtútù. Mo ń dúró de lọ́ọ̀fù. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹnì kan ti ń rìn lókè àjà níbi tí kò yẹ kí ènìyàn wà, àyà mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ibẹ̀ ni Yèyé ti wúkọ́. Mo ké, ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ṣe ọ́, ùyàwó?"

"Kò sí nǹkan, Yèyé. Ìwé yìí ni."

"Ìwé ń nà ọ́?"

"Ó ń dẹ́rù bà mí ni."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ìrẹsì. "O fowó rà á?"

"Mo rà á."

"O fowó ara rẹ ra ẹ̀rù." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ti ná owó ilé ìwé lé lórí lásán. "Bá mi kà á. Kí n mọ irú ẹ̀rù tí wọ́n ń tà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá ka apá kan sínú ara mi, lẹ́yìn náà màá sọ ọ́ fún Yèyé ní Yorùbá. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó kan tó ń gbé ilé tó kángun sí ti wa, yà wá kí i, ó gbọ́ díẹ̀, ó sì lọ gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì ni ìjọ mi. Ìjọ tó le ni.

Ìtàn náà lọ báyìí. Ọmọbìnrin kan wà tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá. Ó pàdé ọkùnrin olówó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tó lé, ó ti fẹ́ ẹ.

"Dúró," Yèyé wí. "Ta ló bá a ṣe ìwádìí?"

"Kò sẹ́ni tó bá a ṣe é."

"Wọn ò dé ìlú ọkọ? Wọn ò béèrè irú ikú tó pa ìyàwó àkọ́kọ́?"

"Rárá, Yèyé."

Yèyé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kò ṣèwádìí."

"Ó ti kú nìyẹn," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó sì mú ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àtẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á. Lójú tiwọn, ìwé ti parí síbẹ̀. Àwọn ojú ewé tó ṣẹ́ kù kàn jẹ́ ètò ìsìnkú.

Mo ṣàlàyé ilé náà fún wọn: ilé olókùúta lórí òkè, yàrá inú rẹ̀ pọ̀ débi pé onílé gan-an ò mọ iye wọn. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀ bí òǹkọ̀wé ṣe rọ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ Yèyé ní, "Ta ló ń gbá ulé náà?" Mo ní ìránṣẹ́bìnrin kan ni, tó dákẹ́ bí òkú. Ó ní ẹni tó bá ń dá irú ilé yẹn gbá, ó yẹ kó dákẹ́, níbo ni yóò ti rí agbára sọ̀rọ̀?

Nígbà tó yá, a dé ibi tí ìyàwó náà ti mú àbẹ́là, tó ń gun àkàsọ̀ lọ sókè láti wo ohun tó ń rìn. Ara mi ti bù máṣọ. Mo ní, "Lójijì, iná àbẹ́là kú!" Mo dákẹ́, kí ẹ̀rù lè ráyè wọlé.

Àwọn méjèèjì ń wò mí.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Yèyé wí. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Iná ti kú, Yèyé. Òkùnkùn ṣú."

"Mo gbọ́. Iná lọ. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Iná mànàmáná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òǹkọ̀wé ọlọ́lá yẹn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ka ìwé òun fún àwọn tí òkùnkùn ti di ẹbí wọn.

Ìyàwó náà sọ̀ kalẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló ń rìn nínú yàrá òkè tí a tì pa. Ọkọ ní afẹ́fẹ́ ni.

"Afẹ́fẹ́ wọ bàtà?" Yèyé béèrè.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni nílé náà. Ó ń ba èmi. Èmi tí mo ti pa ojú òkú dé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo ń jẹ búrẹ́dì nínú yàrá tí òkú kò tíì kúrò, mi ò lè dá lọ wẹ̀ ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́, lọ́sàn-án gangan, lójú oòrùn Ìgbẹ́mọ. Mo fi rósárì mi kọ́ ọrùn. Yèyé rí i, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwa Àgùdà ní ohun èlò o, ẹ̀rù tó máa lò ó nìkan la ń wá kiri.

Àárín ọ̀sẹ̀ kejì la dé ibi tí àṣírí ti tú. Ẹni tó wà nínú yàrá òkè, bàbá ọkọ ni. Ọmọ rẹ̀ ti kéde pé ó ti kú, ó ti sin pósí òfìfo, gbogbo ìlú sì ti sunkún lé e lórí, kí ogún lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Bàbá náà sì wà láàyè lókè níbẹ̀, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Mo sọ ọ́ tán, mo dúró de ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ sí i. Yèyé gbé àtẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀kùn tó kọjú sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Yàrá bàbá ọkọ mi ni. Àgádágodo ńlá kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Adó. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí ẹbí yóò fi jókòó pín nǹkan. Ẹbí ò sì jókòó rí, torí ẹni tó yẹ kó pè wọ́n jókòó ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá yẹn kan náà ni Yèyé ti ń sùn láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, yàrá kékeré ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí ló ti ń sùn, àtẹ̀gùn kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ga bí àga. Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti ṣubú.

Gbogbo wa mọ̀. Ọkọ mi mọ̀, èmi mọ̀. A máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí, díẹ̀díẹ̀ ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Yàrá náà ń kùn. Tí ilé bá dákẹ́ lọ́sàn-án, ẹ máa gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan, tó nípọn, tí kì í dá. Nígbà ayé bàbá, òun ló ń kọ básì nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀rẹ́ Yèyé ti sọ fún àdúgbò pé básì ló ń kọ. Ó tiẹ̀ ní òun mọ orin náà, pé apá ìparí nìkan ni kò dá òun lójú.

"Ùyàwó," Yèyé wí, "ọmọ tó ti bàbá rẹ̀ mọ́lé nínú ìwé yẹn, ọmọ kí ni?"

"Ọmọ rẹ̀ àgbà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó nawọ́ sí fóònù mi. "Pè é fún mi."

Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Yèyé ò kí i pẹ́. Ó ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi wá lọ́la. Tí o kò bá mú un wá, káfíńtà á bá mi ṣí i." Mo ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣàlàyé nínú fóònù: àṣà, ètò, ìpàdé, ọmọ ẹbí tó wà lókè òkun. Yèyé dá fóònù padà fún mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ó dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán ò tíì pọ́n. Fìlà wà lórí rẹ̀, agbádá wà lọ́rùn rẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba ẹ̀bùn. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sí iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ti gbà á láyè lójijì. Káfíńtà ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú òòlù rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò wò.

"Ìyàwó wa," ẹ̀gbọ́n wí fún mi, "mo gbọ́ pé ìwé kan lo ń kà fún Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irú ìwé wo?"

"Lọ́ọ̀fù ni, sà."

Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí ìlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ohun tí òun ṣe, nítorí ọ̀wọ̀ bàbá ni. Ó ní yàrá olóògbé kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn máa ṣàdéédéé wọ̀. Ó ní ẹbí á jókòó.

Yèyé jẹ́ kó parí. Ó ní, "Bàbá rẹ kú. Mo sin ín. Mo sunkún, mo ṣọ̀fọ̀, mo bọ́ aṣọ dúdú. Ṣé èmi náà kú ni?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá ń pín nǹkan mi? Bẹ́ẹ̀dì yẹn, èmi ni mo fowó ìrẹsì rà á. Orí àpò ìrẹsì lo ní kí n máa sùn. Mo sì ń sùn bẹ́ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ìlú gbọ́ pé ọmọ mi lé mi jáde nínú yàrá mi. Ìlú ò gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ló gbọ́."

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ iye òkúta tó ṣà lójúmọ́ ló ṣe sọ ọ́. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan nílẹ̀ níbẹ̀, mo ti gbá a láàárọ̀.

"Káfíńtà," Yèyé wí, "uṣẹ́ rẹ dà?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ó bọ́ sí iwájú ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì, agbádá rẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni ọkọ mi, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tó ti dé, dìde. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kúrò níbẹ̀." Mo wò ó pé ṣé ọkọ mi nìyí. Ọjọ́ náà ni mo rí díẹ̀ lára lọ́ọ̀fù tí mo fowó rà.

Káfíńtà gbá àgádágodo. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Básì tó wà nínú yàrá dákẹ́. Ọ̀rẹ́ Yèyé, tó ti dé láìsẹ́ni tó pè é, ní, "Ó ti gbọ́ yín o." Àgádágodo já, káfíńtà fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí.

Oyin ni. Wọ́n ti kọ́lé láti orí àjà dé ẹ̀gbẹ́ àpótí aṣọ, afárá ńláńlá tó rọ̀ bí aṣọ tí a sá. Wọ́n kọ́kọ́ dúró bí ẹni pé ojú ń tì wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n jáde. Káfíńtà ti mọ irú wọn, ó ti fò gba fèrèsé kí a tó rí i. Ọkọ mi ki ọwọ́ sí abẹ́ apá ìyá rẹ̀, èmi gbé ẹsẹ̀ funfun, a gbé e gba ẹ̀yìn bọ́ sí yàrá ìrẹsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀, a ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ló kẹ́yìn. Agbádá ò jẹ́ kó sáré. Mo ń wò ó láti ojú ihò ilẹ̀kùn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, tó ń sáré yí igi ọsàn po, tí aṣọ rẹ̀ sì ń kó oyin bí àwọ̀n. Ó dé inú ọkọ̀ rẹ̀, ó yí gíláàsì sókè, ó sì wá rí i pé òun nìkan kọ́ ló wọlé.

Ká sọ òtítọ́, kò sí ibi kankan nínú ìwé òyìnbó náà tó dára tó èyí.

Bí àwọn oyin ṣe rọlẹ̀, mo jáde lọ ṣe iṣẹ́ mi. Mo yọ oró oyin lójú ẹ̀gbọ́n, létí rẹ̀, lórí rẹ̀. Mo fún un lóògùn, mo sì jókòó tì í títí ó fi dá mi lójú pé mímí rẹ̀ já gaara. Ètè rẹ̀ wú débi pé kò lè sọ̀rọ̀ àṣà mọ́. Mo ní kó má ṣe làkàkà, kó sinmi ohùn rẹ̀. Èmi náà máa ń ṣàánú.

Ọkùnrin kan tó máa ń kó oyin lóko wá pẹ̀lú èéfín nírọ̀lẹ́, ó kó wọn lọ, ó sì bu oyin kún ike kan fún wa. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi gbá yàrá náà, a fọ̀ ọ́, a ṣí fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn náà la di Yèyé mú wọlé.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Tìmùtìmù rẹ̀ ti bàjẹ́, ikán ti jẹ ìdí àpótí, ìda oyin wà lára aṣọ òkè tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Fìlà bàbá ṣì rọ̀ sára ìṣó. Ó nawọ́, mo mú un fún un. Ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó gbé e lé orúnkún tó dára.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń kọrin," ó sọ fún fìlà náà. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. O ò mú ohùn kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láìṣì í."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ bọ́ síta, ó di aṣọ mi mú. Mo jókòó tì í. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ó nu ojú, ó ní kí n lọ wo ìrẹsì lórí iná, pé ó ń jó, imú nọ́ọ̀sì mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ òórùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, inú yàrá yẹn la ti ń kàwé. Ìwé náà ò pẹ́ parí. Ìyàwó náà gun òkè, ó tú bàbá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, òjò ńlá dé, ilé olókùúta wó lulẹ̀ pẹ̀lú ọkọ nínú rẹ̀, ìyàwó sì sáré jáde nínú aṣọ funfun. Yèyé ò gbà á rárá.

"Ulé wó? Ulé tó dára tó bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Yèyé."

"Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín in ni. Ó rọrùn kí ó wó o."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè bóyá ìyàwó náà tún ṣe ọkọ mìíràn. Mo ní ó ṣe é, dókítà ìlú wọn. Àwọn méjèèjì bi mí lẹ́ẹ̀kan náà bóyá ó ṣe ìwádìí lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé ò sọ. Mo ní ó ṣe é. Ọkàn wọn balẹ̀.

Ìsinmi mi ti tán. Wọ́n tú símẹ́ńtì ẹsẹ̀ Yèyé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Adó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ní ara mi yá gágá, pé atẹ́gùn Ìgbẹ́mọ mà ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìpàdé tó kúrú. Ó ní òun ti ń rò ó tipẹ́ pé ó yẹ kí Màmá padà sí yàrá rẹ̀. A gbóríyìn fún un.

Nígbà ọdún Kérésì, a lọ kí Yèyé. Kí a tó wọlé ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, àwọn obìnrin kan ti jókòó yí i ká. Ó ń sọ ìtàn oníkòkó kan fún wọn, ọkùnrin olówó tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ti bàbá rẹ̀ mọ́ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sì sọ fún ìlú pé bàbá ti kú. Ẹnì kan bi í pé níbo ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀.

"Ní Ìjàn," Yèyé dáhùn, láìronú. "Ùyàwó mi mọ ulé náà."

Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo ní ó ti wó.